Òtútù Ọdún Tí Fàdákà Wa Ń Ṣú

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kìn-ín-ní

Yìnyín tún bo ọkọ̀ mi dé ojú táyà. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi ń fi ṣọ́bìrì wú u jáde, tí aládùúgbò mi dúró lójú fèrèsé rẹ̀ pẹ̀lú ife kọfí, tó ń juwọ́ sí mi. Mi ò juwọ́ padà.

Lónìí, Ted kó gbogbo àwa òṣìṣẹ́ mọ́kànlá jọ síwájú Ẹ̀rọ Kẹsàn-án, ẹ̀rọ tó ń tẹ́ yíǹkì sórí fíìmù. Ó wọ kóòtù, mo sì ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀. Èmi ni mo kọ́ ọmọ náà níṣẹ́ nígbà tí ariwo ẹ̀rọ ṣì ń bà á lẹ́rù, kó tó di pé ó ra ilé-iṣẹ́ yìí tó wá ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá. Ó ní àwọn ará Ohio tó ń ṣe ojú gíláàsì tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ lára ibùsùn ọsibítù ti gbà láti dán wa wò. Irinwó mítà fíìmù ni wọ́n fẹ́. Ó gbọ́dọ̀ mọ́ gaara bí omi, iná mànàmáná sì gbọ́dọ̀ lè gba ojú rẹ̀ kọjá. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ni kó dé ọwọ́ wọn.

"Gbogbo ojú fóònù àti tẹlifíṣọ̀n tí ẹ̀ ń wò yẹn, indíọ̀mù ló wà lára rẹ̀," ni Ted ń wí, bí ẹni pé àlejò ni wá. "Ìdí ìkòkò síǹkì ni wọ́n ti ń ha á, kò sì pọ̀ láyé. Ẹni tó bá ní in lọ́wọ́, iye tó bá wù ú ló ń pè é. Àwa ní tiwa, fàdákà ni. Okùn fàdákà tó tín-ínrín ju irun orí lọ lọ́nà ẹgbẹ̀rún, tí a pò mọ́ yíǹkì, tí a tẹ́ sórí fíìmù."

"Tí wọn ò bá wá gbà á ńkọ́?" Earl ló bi í.

Ted wo ilẹ̀. Ó ní tí àwọn ará Ohio bá dá a padà, òun á ti ilẹ̀kùn, òun á sì ta Ẹ̀rọ Kẹsàn-án fún àwọn onírin àlòkù.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá mi fi dúró nídìí ẹ̀rọ yẹn, nígbà tí ilé yìí ṣì ń ṣe fíìmù fọ́tò. Èmi ti dúró nídìí rẹ̀ fún ọdún méjìdínlógójì. Irin àlòkù kẹ̀! Mo fẹ́ gbá ẹnu Ted.

Ẹyin méjìlá ti di dọ́là mẹ́fà ó lé.

Ọjọ́rú, 8

Òfin mi ni, òfin bàbá mi ni pẹ̀lú: ẹni tó bá fẹ́ wọ yàrá ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ yí àpò rẹ̀ síta lẹ́nu ọ̀nà. Lónìí, Ingrid Solheim tún dé, dókítà ìmọ̀ kẹ́mísìrì, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, tó ń po yíǹkì fàdákà fún wa láti oṣù kẹwàá. Ó ń pè mí ní Arlene gbàgà, bí ẹni pé àwa méjèèjì la jọ wọ iléèwé.

"Kí ló wà lápò ẹ?"

"Bírò ni."

"Yí i síta."

"Arlene, mo ní bírò ni."

"Mo gbọ́. Tí bírò bá já bọ́ sáàárín ẹ̀rọ, ṣé ìwé dókítà ẹ la máa fi yọ ọ́?"

Ó yí i síta. Bírò, ìpara ètè, èèpo ẹ̀pà méjì. Mo fi èèpo ẹ̀pà náà han gbogbo wọn.

"Ṣé ẹ máa ń yẹ àpò tiyín náà wò?" ló bi mí.

"Èmi ni mò ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà," mo dá a lóhùn.

Earl Gadsden rẹ́rìn-ín sínú. Òun nìkan ló kù nínú àwa tí a jọ ṣe fíìmù nínú òkùnkùn. Iná ti ń tàn nínú ilé yìí láti ọdún mẹ́tàdínlógún, síbẹ̀ Earl ṣì máa ń súfèé tó bá fẹ́ yí kọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi orí sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 9

Ìtìjú gbáà. A fi mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dánra wò, fíìmù náà sì kún fún ihò wẹ́wẹ́ bíi ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀nná ṣe. Yíǹkì ọmọbìnrin yẹn ń hó. Ó ń hó nínú páìpù, ó ń hó nínú àwo, gbogbo ibi tí ihó bá ti bẹ́ ló ń di ihò.

Mo ní yíǹkì rẹ̀ ni. Ó ní eré ẹ̀rọ mi ló pọ̀ jù. Mo ní ogún mítà ní ìṣẹ́jú kan ni mò ń sá kí wọ́n tó bí i. Ó ní fíìmù fọ́tò nìyẹn. Mo ní kó jáde níwájú mi. Kò jáde, èmi ni mo jáde.

Ọjọ́ Ẹtì, 10

Mo ra ẹja díndín jẹ nínú ọkọ̀. Mò ń rántí bàbá mi. Nígbà tí yíǹkì bá ya aláìgbọràn, kì í bá dókítà kankan jà. Á lọ mú síbí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11

Mo sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá abẹ́ ilé. Agolo mẹ́ta ló kù, jẹ́látíìnì ìgbà fọ́tò, ìyẹ̀fun tó ń mú yíǹkì ki, tí bàbá mi kó wálé nígbà tó fẹ̀yìn tì. Ó lẹ bébà mọ́ wọn lára, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé "èyí tó lágbára". Mo ṣí ọ̀kan. Ó ṣì mọ́, ó ṣì ń dán, kò tíì ní òórùn kankan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14

Mo dé ibi iṣẹ́ ní aago mẹ́fà àárọ̀, ṣáájú gbogbo wọn. Èmi ni kọ́kọ́rọ́ yàrá yíǹkì wà lọ́wọ́ mi, nítorí èmi ni mo dàgbà jù. Agolo náà wà nínú àpò kóòtù mi, mo sì gba ẹnu ọ̀nà tí èmi fúnra mi ń ṣọ́ kọjá. Síbí mẹ́rin, mo fi omi gbígbóná yọ́ ọ, mo sì rò ó mọ́ yíǹkì fàdákà náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Aago mẹ́wàá, a tan ẹ̀rọ. Ogún mítà ní ìṣẹ́jú kan. Kò sí ihó, kò sí ihò. Fíìmù náà ń jáde bí omi tó ń ṣàn lórí àpáta. Nọ́ńbà mítà iná ń sọ 41, àádọ́ta sì ni àwọn ará Ohio ní a kò gbọ́dọ̀ kọjá; bó bá ṣe kéré tó ni iná ṣe ń rọ́nà gbà tó. Ted gbá mi mọ́ra. Ingrid dúró, ó ń wo fíìmù náà.

"Yíǹkì ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀," mo sọ fún un.

"Mi ò yí nǹkan kan padà nínú rẹ̀," ló wí. "Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà ò fi yé mi."

Mo gbádùn rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Wọ́n gé díẹ̀ sínú àpótí ooru. Gbígbóná àti ọ̀rinrin ọjọ́ mẹ́wàá nínú àpótí yẹn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ló dúró fún níta. Tí nọ́ńbà náà ò bá kọjá márùndínlọ́gọ́ta tó bá jáde, a ti là á já.

Ọjọ́ Ajé, 20

Òtútù tó ń gé etí. Mọ́tò kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Earl wá fi tirẹ̀ gbé mi. Ó ń súfèé títí a fi dé.

Ọjọ́ Ẹtì, 24

Wọ́n ṣí àpótí ooru. Nọ́ńbà náà ti di 380. Fíìmù tó mọ́ gaara ti pọ́n bíi tíì tí wọ́n gbàgbé sínú ife.

Ted jókòó sórí páálí. Mo ń wo Ingrid, mo ń dúró kó sọ pé ẹ̀rọ mi ni. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó kàn ní: "Fàdákà ló ṣú. Nǹkan kan ti kàn án."

"Yíǹkì ta ni?" mo bi í.

"Tèmi."

"Ó dáa, mo kàn fẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́ ni."

Ọjọ́bọ̀, 30

A tún tẹ́ ọgọ́rùn-ún mítà. Ìkòkò tuntun ni ọmọbìnrin náà fi po yíǹkì, omi tuntun, ọṣẹ tuntun. Mo fi síbí mẹ́fà sí i, kí ihó má baà padà. 40 ni nọ́ńbà. Ó wọ àpótí ooru.

Afẹ́fẹ́ láti orí adágún gbé ìdérí àtíbàbà mi lọ. Mi ò mọ ibi tó balẹ̀ sí, aládùúgbò mi ò sì sọ.

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kejì

Nọ́ńbà ò dúró mọ́. Mítà náà kàn ń tan iná pupa. Fíìmù náà ṣú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ted ń pariwo. N kò tíì gbọ́ ariwo rẹ̀ rí. Ó ní yíǹkì fàdákà tó kù kò lè kọjá irinwó àti ogún mítà, tí a bá tún ba ìyẹn jẹ́, kò sí nǹkan tí a máa fi ránṣẹ́ sí Ohio ju lẹ́tà ìtúúbá lọ. Ojú Ingrid ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Ọmọbìnrin náà ti ya ọdẹ. Ó lẹ bébà mọ́ ògiri ilé oúnjẹ: ẹ má ṣe mú ẹyin wá, ẹ má ṣe mú àlùbọ́sà wá, ẹ má ṣe mú rọ́bà tí wọ́n fi ń di nǹkan wá. Ó ní imí-ọjọ́ ló ń ba fàdákà jẹ́, ó sì wà nínú gbogbo ìwọ̀nyí. Ó ṣí àpò oúnjẹ Earl, ó fi imú sí i.

"Dókítà," Earl wí, "búrẹ́dì àti ẹyin ni. Ìyàwó mi ló ṣe é. Ṣé kí n pè é kó wá jẹ́jọ́ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀ yín."

"Nínú òtútù yìí?"

Ó jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀, àgbàlagbà ọlọ́dún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Lẹ́yìn náà ni Ingrid kọjú sí mi, ó ní irun àgùntàn ni wọ́n fi hun súwẹ́tà mi, imí-ọjọ́ wà nínú rẹ̀, kí n bọ́ ọ. Mo ní tó bá fẹ́ súwẹ́tà kó ra tirẹ̀. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọjọ́bọ̀, 13

Mo fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí. Gbogbo wa wà nídìí oúnjẹ, ó tún ń ka nǹkan nípa imí-ọjọ́ nínú ìwé. Mo wá gbé ohùn sókè, mo sọ ìtàn tí bàbá mi máa ń sọ.

"Ẹ gbọ́, kí dókítà náà gbọ́. Láyé àtijọ́, fíìmù ọdún kan mọ́ kedere, ti ọdún kejì dúdú bí ìdí ìkòkò. Wọ́n wá ìdí rẹ̀ títí. Wọ́n yẹ fàdákà wò, wọ́n yẹ omi wò. Ṣé ẹ mọ ohun tó jẹ́? Màlúù ni! Jẹ́látíìnì tí wọ́n ń pò mọ́ fàdákà, awọ àti egungun màlúù ni wọ́n fi ń ṣe é. Màlúù tó bá ti jẹ músítádì nínú pápá, imí-ọjọ́ músítádì yẹn ló ń bá a dé inú jẹ́látíìnì, tó ń bá fàdákà ṣiṣẹ́, tí fọ́tò fi ń yọ kedere. Tí kò bá sí i, kò sí fọ́tò. Imí-ọjọ́ tí ò ń sá fún yìí, òun ló bọ́ gbogbo ìlú yìí fún ọgọ́rùn-ún ọdún!"

Earl pàtẹ́wọ́. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín.

Ingrid náà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín rẹ̀. "Ìtàn yẹn dùn gan-an," ló wí. "Ó mà dáa o, pé a kì í lo jẹ́látíìnì níbí."

Ó padà sídìí ìwé rẹ̀. Mo ti oúnjẹ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, mò ń ronú agolo bàbá mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Mo ní ara mi ò yá. Mi ò lọ síbi iṣẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 16

Mo mú síbí fàdákà ìyá mi méjì. Láti àná ni mo ti gbé wọn sínú ìkòkò kékeré méjì lórí sítóòfù, omi lásán nínú ọ̀kan, omi àti jẹ́látíìnì bàbá mi nínú èkejì, iná wẹ́rẹ́ lábẹ́ wọn. Lẹ́yìn ìsìn àárọ̀ yìí ni mo kó wọn jáde.

Síbí inú omi lásán ń dán. Èkejì ti ṣú láti ẹnu dé ọrùn.

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Èyí tó lágbára, ìyẹn èyí tí imí-ọjọ́ pọ̀ nínú rẹ̀, bàbá mi ló kọ ọ́ sára agolo. Ó kọ ọ́ fún mi kí n lè kà á, mo sì kà á gẹ́gẹ́ bí ìyìn. Bàbá mi kò ṣe fíìmù fún iná rí. Fọ́tò ló ṣe. Èmi ni mo gbé oògùn àìsàn kan fún àìsàn mìíràn, tí mo sì ń bú dókítà.

Mo dúró nídìí sítóòfù náà pẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́ fún ìwé yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Mo ti fẹ́ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kínní, Ted ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Lẹ́ẹ̀kejì, kò sí lórí fóònù.

Ọjọ́rú, 19

Ọkùnrin kan wá láti ọ̀dọ̀ àwọn onírin àlòkù. Ó fi téèpù wọn Ẹ̀rọ Kẹsàn-án, gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ gbá a nígbáàdí bí ẹni tó fẹ́ ra ẹṣin. Mo ní tó bá tún fọwọ́ kàn án, òun ni màá gé tà. Ó rò pé mò ń ṣe àwàdà.

Ọjọ́bọ̀, 20

Ted pè mí sí kọ̀rọ̀. "Arlene, ọ̀la ni màá ní kí Ingrid máa lọ. Mo fẹ́ kí ẹ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yìí jù. Màá wá ẹlòmíì tó máa po yíǹkì tó kù."

Mo ní ó dáa. Mo ní ó dáa! Ẹnu mi ló sọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Ingrid ti mọ̀. Ó ti kó ẹrù rẹ̀ sínú páálí kan kó tó dé ọ́fíìsì. Ted ń wá ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ sọ. Mo gbé agolo náà lé orí tábìlì.

"Kí lèyí?" Ted bi mí.

"Jẹ́látíìnì bàbá mi. Ó wà nínú gbogbo fíìmù tí a gbé sínú àpótí ooru láti oṣù kìn-ín-ní. Èmi ni mo fi sí i. Yíǹkì ọmọ yìí ò ní àbùkù."

Ingrid gbé agolo náà, ó ka ohun tó wà lára rẹ̀, ó sì gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Síbí mélòó?"

"Mẹ́rin. Lẹ́ẹ̀kejì, mẹ́fà."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà," ló wí. "Mo ń gbóòórùn oúnjẹ àwọn èèyàn kiri. Mo lé Earl sínú òtútù. Mo pe ìyá mi, mo sọ fún un pé mi ò mọ iṣẹ́ tí mo kàwé lé lórí. Ẹ̀yin sì dúró lẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́, ẹ̀ ń yẹ àpò mi wò."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò mọ nǹkan kan."

Kò sunkún. Ó wù mí kó sunkún, kí n lè rí ohun tí màá fi bínú sí i.

Ted na ọwọ́. "Kọ́kọ́rọ́." Mo kó gbogbo rẹ̀ fún un. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. "Ẹ máa lọ sílé, Arlene. Mi ò lè wo ojú yín báyìí."

Ọjọ́ Ajé, 24

Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ tí n kò níbi tí mò ń lọ. Mo gbẹ́ yìnyín ẹnu ọ̀nà mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbẹ́ ti aládùúgbò mi náà, nítorí pé inú ń bí mi.

Ọjọ́rú, 26

Earl pè. Wọ́n fi mítà mẹ́wàá dánra wò láìsí jẹ́látíìnì. Ihó ti padà, ihò ti padà. Yíǹkì tó kù kò lè kọjá irinwó àti mẹ́wàá. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ni wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ́ ẹ, kí àpótí ooru lè rí ọjọ́ mẹ́wàá rẹ̀ gbà.

"Ṣé ó béèrè mi?" mo bi í.

"Ta ni? Dókítà? Ó pè ọ́ ní orúkọ kan. Kì í ṣe èyí tí màá sọ fún obìnrin tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

Ọjọ́bọ̀, 27

Aago méjì ọ̀sán, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ingrid ni, yìnyín wà lórí fìlà rẹ̀. Kò bọ́ kóòtù. Mo bu kọfí fún un, kò mu ún.

"Mi ò wá bẹ̀ yín," ló wí.

"Èmi náà ò ní kí o bẹ̀ mí."

"Mo fẹ́ mọ ohun kan. Jẹ́látíìnì yẹn, kí ló ń ṣe gan-an?"

"Ó ń pa ihó."

"Kí ló ń fa ihó?"

Mo wo ife kọfí tí kò mu. Ìbéèrè tó yẹ kí n ti dáhùn ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìn-ín-ní nìyẹn. "Eré," mo wí. "Eré ẹ̀rọ pọ̀ jù fún yíǹkì tó ṣàn bẹ́ẹ̀. Yíǹkì náà sì tutù jù. Kó sinmi láti ìrọ̀lẹ́ níbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kí ẹ̀rọ máa rìn ní mítà kan ní ìṣẹ́jú kan."

"Mítà kan? Wákàtí méje nìyẹn."

"Ó dín díẹ̀ ni, fún irinwó mítà."

"Ẹ mọ̀ ọ́n látìgbà yẹn?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Kí ló dé tí ẹ ò ṣe é?"

"Èmi ni mo sọ fún Ted pé ogún mítà ni màá máa sá, Ted sì sọ fún Ohio. Ìwọ lo kọ́kọ́ sọ pé eré pọ̀ jù. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ìwọ lo máa gba orí mi kọjá."

Ó wò mí títí. "Ẹ̀yin náà le o," ló wí. Ó dìde, ó ní kí n wá ní ọjọ́ Ajé, ṣùgbọ́n Ted ní mi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó gbàgbé ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kan sórí àga. Mo gbé e sórí ẹ̀rọ amúlégbóná kó lè gbẹ.

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Ted ti fi téèpù yẹ́lò fa ìlà kan sílẹ̀, mítà méjì sí ẹ̀rọ. Ẹ̀yìn ìlà ni mo dúró, mo ki ọwọ́ bọ àpò, bí ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ. Ìbọ̀wọ́ Ingrid ni mo kọ́kọ́ fún un. Ó gbà á láìsọ ẹ ṣé.

Òun ló dúró síbi tí mò ń dúró sí. Kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ ń wà. Mo pa ẹnu mọ́ fún ogún mítà.

"Gbọ́ ọ," mo sọ níkẹyìn. "Róòlù òsì ń kùn. Ó ń fa fíìmù jù."

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Pajú dé. Inú òkùnkùn la ti kọ́ ọ."

Ó pajú dé. Ó dúró bẹ́ẹ̀ díẹ̀, ó wá na ọwọ́, ó dẹ róòlù náà díẹ̀. Ìkùn náà dákẹ́. Kò wo ẹ̀yìn láti mọ̀ bóyá mo rí i.

Wákàtí mẹ́rìnlá gbáà la fi wà ní ilé yẹn láti àárọ̀, nítorí a dúró lẹ́ẹ̀mẹta kí yíǹkì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹsẹ̀ mi wú. Wọ́n fẹ́ kí n jókòó, mo kọ̀. Kò sí ihò kan ṣoṣo nínú irinwó mítà. Nọ́ńbà, 43. Ó burú ju tèmi lọ ní méjì. Mo fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, mo gbé e mì.

Wọ́n gé díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú àpótí ooru. Agolo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bàbá mi wà nínú garawa ìdọ̀tí ẹ̀yìn ilé mi. Mi ò ní sọ bí ó ṣe rí lára mi láti dà wọ́n nù.

Ọjọ́rú, 5

Ọjọ́rú Eérú ni, eérú wà níwájú orí mi. Fada ní erùpẹ̀ ni mí. Mo ní mo ti gbọ́ ọ lọ́dọ̀ Ted.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Yìnyín ti ń yọ́. Ìdérí àtíbàbà mi wà lẹ́yìn ilé aládùúgbò mi látọjọ́ yìí. Ó ní òun rò pé mo mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 13

Earl ló pè, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ó kọ́kọ́ súfèé sínú fóònù, mo fẹ́ pa á. Lẹ́yìn náà ló ní: "Mẹ́rìndínláàádọ́ta."

"Tún un sọ."

"Mẹ́rìndínláàádọ́ta, Arlene. Ó mọ́ gaara. Mọ́tò ti gbé e, ó ti ń lọ sí Ohio. Ted ti pe bàbá onírin pé kó má wá mọ́."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ìdáná, mo sunkún bí ọmọdé. Mo bi í bóyá Ted sọ nǹkan nípa mi. Ó ní Ted ní kí n wá ní ọjọ́ Ajé, pé Ẹ̀rọ Kẹsàn-án ti di ti Ingrid, èmi á máa kọ́ ọ. Kọ́kọ́rọ́ yàrá yíǹkì, kí n má retí rẹ̀, Ted ló wí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 17

Mo tètè dé bí ìṣe mi. Ilẹ̀kùn tì. Mo dúró nínú òtútù títí Ingrid fi ṣí i fún mi. Òun ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ. Earl wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ògiri bí ẹni tí kò sí níbẹ̀.

"Kí ló wà lápò yín?"

"Áńkáṣíìfù."

"Ẹ yí i síta."

Ojú mi gbóná. Mo yí i síta, àpò kóòtù, àpò ṣòkòtò, àpò inú. Áńkáṣíìfù, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, súwíìtì méjì tó ti lẹ̀ mọ́ bébà. Ó gbé súwíìtì náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbé e sínú àwo ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ wọlé," ló wí.

Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé kí n tó rí i pé kò tíì kúrò níbẹ̀. Ó ń yí àpò tirẹ̀ náà síta níwájú mi, òsì àti ọ̀tún, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Bírò kan wà nínú tọ̀tún.

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.